Ìrẹsì Mẹ̀dínátù àti Ẹnu Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n mi Lábísí jẹ́, ẹ gbé oúnjẹ síwájú wọn. Wọn ò ní jẹ ẹ́ bí ẹlòmíì ṣe ń jẹun. Wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á fi ṣíbí yí i wò, wọ́n á wo ojú ẹni tó sè é bí ọlọ́pàá ṣe ń wo awakọ̀ tí kò ní ìwé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sọ ìgbà tí ata dé inú epo àti ohun tí onítọ̀hún ń rò lọ́kàn nígbà tó ń gé àlùbọ́sà. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà nílé ìdáná ọsibítù kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì ti di ọ̀gá ibẹ̀. Bí ègé ẹran méjì bá dín nínú ìkòkò, wọ́n á ti mọ ẹni tó jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n ti fi òórùn ẹja yíyan mú ẹ̀ṣọ́ kan rí. Wọ́n ti fi èèpo ẹyin mú akọ̀wé kan. Èmi Àṣìkẹ́, àbúrò wọn kan ṣoṣo, mo ti gbọ́ ìtàn èèpo ẹyin yẹn títí, mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n ju akọ̀wé náà lọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru, kí wọ́n gba lìífù oṣù kan, kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì lọ síbi tí wọn ò ti ní rí ìkòkò kankan ṣọ́. Wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlaròó, níbi tí wọ́n ti bí àwa méjèèjì. Báàgì méjì ni wọ́n gbé wá, ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún oògùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná mi sílẹ̀, wọ́n ní ata gbígbẹ mi ti ju ọdún kan lọ, pé mo sì ń fi irọ́ pè é ní ata.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìsinmi lẹ wá ṣe?"

Wọ́n ní, "Mò ń sinmi. Ojú mi ni kò tíì sinmi."

Ìgbà yẹn, ó ti ń lọ sí oṣù méjì tí ìjọba ti ti ẹnubodè. Ẹni tí kò gbé ní Yewa lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìdí-Ìrókò ò jìnnà sí wa, Kútọ̀nù sì dà bí ojúlé kejì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìrẹsì tó ti òdìkejì wá la máa ń sè fún àlejò. Ti ilẹ̀ wa, a ní òkúta ló pọ̀ nínú rẹ̀, a ní ó ń rùn. Ẹni tí kò fẹnu kàn án rí gan-an á sọ bẹ́ẹ̀, á tún di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tí bodè ṣí, bí wọ́n bá pe èèyàn ní onífàyàwọ́ láàárín wa, ẹ̀rín ni, àwọn kan á tiẹ̀ ní kó má gbàgbé àwọn. Àmọ́ bí wọ́n bá ní o fi ìrẹsì olókùúta ṣàlejò, àbùkù rẹ̀ á dúró títí ìwọ náà á fi kó kúrò ládùúgbò. Nígbà tí wọ́n wá ti bodè, fàyàwọ́ di ẹjọ́, ìrẹsì sì di ohun tí à ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bèèrè.

Lójú ọ̀nà tó lọ sí Poli, obìnrin kan wà tí kò fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ta tiẹ̀. Mẹ̀dínátù ni orúkọ rẹ̀. Á ti tó ọmọ ogójì ọdún, ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ìrẹsì nìkan ló ń sè, òun àti ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín. Hóró ìrẹsì rẹ̀ gùn, ó funfun, kò lẹ̀ mọ́ra, o lè jẹ àwo mẹ́ta kí òkúta má kan ọ́ léyín. Fún ọdún mẹ́fà gbáko ni àpò ìrẹsì òkè òkun kan, tó ní àwòrán àgbọ̀nrín, fi wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bíi pátákó. Ọjọ́ tí rédíò kéde pé wọ́n ti ti bodè ló ká àpò náà kúrò. Ṣùgbọ́n ìrẹsì inú ìkòkò rẹ̀ ò yí padà. Ìyẹn ló ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu: ibo ló ti ń rí i?

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè nínú ìjọ wa. Alága wa ni Bàbá Nathaniel Akínladé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣì máa ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé kíláàsì. Mùsùlùmí ni Mẹ̀dínátù, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló ti fi ń se ìrẹsì ìkórè wa, a ò sì gbọ́ pé Ọlọ́run tìtorí ẹ̀ kọ ọrẹ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn, àlùfáà wa ti kéde lórí pẹpẹ pé ìrẹsì fàyàwọ́ kankan ò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà ìjọ. Bàbá Nathaniel bá ní kí Mẹ̀dínátù kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá fún ìgbìmọ̀ tọ́ wò, kó sì sọ orísun ìrẹsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Bí a bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ pé fàyàwọ́ ló ń ṣe, gbogbo Ìlaròó á gbọ́, àwọn aṣọ́bodè náà á gbọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ jókòó sí pálọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n Lábísí ò sí nínú ìgbìmọ̀ o. Wọ́n kàn fa àga wọn sẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n ní atẹ́gùn làwọn ń gbà. Mẹ̀dínátù fúnra rẹ̀ ló gbé kúlà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó bù fún gbogbo wa. Gbogbo wa jẹ ẹ́ títí àwo fi mọ́.

Bàbá Nathaniel nu ẹnu. "Ó dùn," wọ́n ní. "Dídùn rẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Mẹ̀dínátù, ìrẹsì ibo nìyí?"

"Èyí tí mo ti ń sè fún yín látẹ̀yìn wá náà ni, Bàbá."

Èmi ni mo wá fa wàhálà lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yìí, ọ̀gá ni wọ́n nídìí oúnjẹ." Mi ò tíì pa ẹnu dé tí àwo ti dé ọwọ́ wọn.

"Bu ìrẹsì sí mi lẹ́nu," Ẹ̀gbọ́n Lábísí ní, "màá sọ ilẹ̀ tó ti hù fún ọ." Wọ́n di ojú, wọ́n jẹ ṣíbí kan, wọ́n jẹ èkejì, wọ́n jẹ ẹ̀kẹrin, wọ́n tún ní iyọ̀ rẹ̀ kéré, bí wọ́n ti ń sọ nípa gbogbo oúnjẹ láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún wọn. Wọ́n wá la ojú. "Kò rùn. Hóró rẹ̀ ò fọ́. Òkúta kankan ò sí níbẹ̀. Bàbá, tiwa kì í rí báyìí. Ìrẹsì òkè òkun ni."

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò. Mo yíjú wo Mẹ̀dínátù. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kó àwo rẹ̀ jọ, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó gbé kúlà, ó lọ.

Bàbá Nathaniel ní ká fún un di ọjọ́ Àbámẹ́ta kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí kò bá ní àlàyé, a ó wá alásè mìíràn. Inú Ẹ̀gbọ́n Lábísí dùn lálẹ́ ọjọ́ náà débi pé wọ́n tún sọ ìtàn èèpo ẹyin.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ pálọ̀ mi ti dé ẹnu ọ̀nà Poli. Àwọn tó ti ń jẹ ìrẹsì Mẹ̀dínátù láti ọdún mẹ́fà wá ń gba òdìkejì títì kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ìrẹsì fàyàwọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọn ò fẹ́ kí aṣọ́bodè bá ṣíbí lọ́wọ́ wọn ni. Ẹnì kan sọ fún mi lójú ọ̀nà pé Mẹ̀dínátù ti ti ilẹ̀kùn, kò sì dáná lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo padà délé, mo bá Ẹ̀gbọ́n Lábísí nílé ìdáná. Ìrẹsì tútù ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé, wọ́n sì ti gbé díẹ̀ tí wọ́n fọgbọ́n bù pamọ́ lánàá nínú ti Mẹ̀dínátù jáde látinú fíríìjì. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹun mọ́. Wọ́n na ìka sí mi, hóró kan wà lórí rẹ̀.

"Kí nìyí, Àṣìkẹ́?"

"Ìrẹsì ni."

"Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Hóró ìrẹsì kan ṣoṣo ni, ó ṣì wà nínú èèpo rẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó mú ṣóńṣó lẹ́nu.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tú àpò ìrẹsì òkè òkun," Ẹ̀gbọ́n Lábísí ní. "Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń bó o. Mi ò bá irú èyí pàdé nínú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ́ ìrẹsì nìkan ni irú èyí máa ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́." Wọ́n gbé hóró náà sórí tábìlì. "Obìnrin yẹn ò sì bẹ̀bẹ̀. Mo ti mú olè tó pọ̀. Olè a máa bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́ a máa bínú. Kí ló wá ń rẹ́rìn-ín sí?"

Wọ́n ti àwo ìrẹsì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti fi ẹnu mi ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́," wọ́n ní. "Dìde, ká lọ."

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n Lábísí jókòó sáàárín, wọ́n ń kọ́ ọlọ́kadà bó ṣe yẹ kó gbé jíà, ọlọ́kadà náà sì ń sáré kó lè tètè já wọn sílẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Mẹ̀dínátù ń gbé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, ó kúnlẹ̀, ó ní ká wọlé. Oúnjẹ ò sí lórí iná. Ilé tí òórùn ata díndín ti máa ń ta síni nímú, òórùn kankan ò sí níbẹ̀.

"Adìyẹ tí mò ń gbọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ yẹn ni mo fẹ́ kí," Ẹ̀gbọ́n Lábísí ní, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá kó tó dá wọn lóhùn.

Adìyẹ mẹ́rin ló wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú òkìtì kan tó rí rẹ́súrẹ́sú. Èèpo ìrẹsì ni, ó tó ẹ̀kún agbọ̀n méjì. Lára ògiri, atẹ ńlá kan wà lórí ìṣó, etí rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú. Ẹ̀gbọ́n Lábísí bu èèpo díẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n yíjú sí Mẹ̀dínátù.

"Èèpo ò sí nínú ìrẹsì òkè òkun. Ẹni tó bá sì ń rà á kì í ní atẹ. Ta ló ń gbìn ín fún ọ?"

"Ìyá mi ni," Mẹ̀dínátù ní. "Ní Ẹ̀gùá."

Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀gùá! Ìrẹsì Ẹ̀gùá ni gbogbo wa ti ń jẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ rọra." Ó wo ẹ̀yìn ògiri bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ òótọ́ fún wọn. Wọ́n á jókòó, màá ní ìrẹsì Ẹ̀gùá ni, wọ́n á dìde kí n tó bù ú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé oúnjẹ padà sílé. Ọjọ́ kan, mo fi àpò òfìfo kan bo ẹnu ọ̀nà nítorí òjò. Àwọn mẹ́fà wọlé, wọ́n jẹun, wọ́n ní, 'Ẹ ò rí i, ti Kútọ̀nù yàtọ̀.' Mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn dákẹ́ ni. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣebí à á fọwọ́ bò ó jẹ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ìgbìmọ̀ lánàá?" mo bi í.

"Kí n ní kí ni? Bí mo bá ní ti Kútọ̀nù ni, aṣọ́bodè á dé. Bí mo bá ní ti Ẹ̀gùá ni, ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń tàn wọ́n jẹ, ta ló tún máa jẹun lọ́wọ́ mi? Ó tiẹ̀ sàn kí wọ́n pè mí ní onífàyàwọ́. Wọ́n ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹn."

Ó dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ pé ti Kútọ̀nù yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Lábísí da èèpo ọwọ́ wọn sílẹ̀ fún adìyẹ. "Mo fẹ́ rí ìyá rẹ," wọ́n ní.

Ojú Mẹ̀dínátù yí padà. "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, mà. Wọn kì í rí àlejò."

"Èmi náà, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ara wa á mọra."

Àwa àti Mẹ̀dínátù jọ lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n lè yẹ ẹrù wò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, aṣọ́bodè kan bi Ẹ̀gbọ́n Lábísí pé kí ló wà nínú báàgì wọn, wọ́n bá ka orúkọ oògùn mẹ́jọ fún un pẹ̀lú àkókò tí wọ́n ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ.

Màmá Àpèkẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá Mẹ̀dínátù. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n dúdú, ara wọn yá ju ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, mi ò sì rí ẹsẹ̀ kankan tó ń dùn wọ́n. A bá wọn nídìí iṣẹ́. Wọ́n á rẹ ìrẹsì, wọ́n á bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kó jinná, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi atẹ fẹ́ ẹ, tí wọ́n á sì ṣà á ní hóró-hóró, Mẹ̀dínátù á sì tún un fẹ́ nílé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn ń sá tiwọn sí etí títì lórí ọ̀dà, ibẹ̀ gan-an sì ni òkúta ti ń wọ̀ ọ́. Màmá Àpèkẹ́ kì í sá tiwọn sórí ọ̀dà. Wọ́n ti rán àwọn àpò òfìfo pọ̀ mọ́ra, ó fẹ̀ bí yàrá, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mo wo àpò wọ̀nyẹn, àwòrán àgbọ̀nrín ló kún ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó ti Kútọ̀nù wá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

"Òkúta inú ìrẹsì ló gba eyín mi yìí," Màmá Àpèkẹ́ ní, wọ́n la ẹnu fún wa ká wò ó. "Mo búra pé ìrẹsì tèmi ò ní gba eyín ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀gbọ́n Lábísí bu ìrẹsì sátẹ́lẹwọ́, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n bèèrè iye ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Wọ́n ń bèèrè bí ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ni Màmá Àpèkẹ́ wí, ìdí nìyẹn tí kì í fi rùn. Wọ́n wá yíjú sí Mẹ̀dínátù.

"Ṣé wọ́n máa ń jẹ ẹ́ tán?"

Mẹ̀dínátù ń tún gèlè rẹ̀ wé, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí a ń lọ, Màmá Àpèkẹ́ di ẹ̀kún ọ̀rá kan fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. "Bí kò bá dùn lẹ́nu yín," wọ́n ní, "ẹ dà á fún adìyẹ. Mi ò ní bínú."

Nínú ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n Lábísí ò bá awakọ̀ jà. Ìgbà tí a dé Ìlaròó ni wọ́n tó bá Mẹ̀dínátù sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo fi ẹnu mi dá ọ̀ràn yìí, èmi ni màá fi tú u lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Màá ní kì í ṣe fàyàwọ́, mo sì ní hóró tí mo máa fi hàn wọ́n. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, mi ò ní bá ọ sọ ọ́. O fi wọ́n pa mọ́ sí Ẹ̀gùá bí ẹni tó fi ẹrù òfin pa mọ́."

Mẹ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìgbìmọ̀ pàdé nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ẹ̀gbọ́n Lábísí ti dáná nílé mi láti òwúrọ̀, dókítà kò mọ̀. Wọ́n se ìrẹsì inú ọ̀rá tí Màmá Àpèkẹ́ fún wa, wọ́n sì bù ú tòun ti ẹja díndín fún gbogbo ìgbìmọ̀. Wọn ò sọ ibi tó ti wá.

"Èyí náà dùn," Bàbá Nathaniel ní. "Ti Mẹ̀dínátù ọjọ́sí ni."

"Ti Ẹ̀gùá ni, Bàbá."

Ọwọ́ Bàbá Nathaniel lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀hẹn! Mo ti ń rò ó. Nǹkan kan ró kàù lẹ́nu mi báyìí."

"Ẹ tu ú sọ́wọ́ mi," ni Ẹ̀gbọ́n Lábísí wí, wọ́n sì na àtẹ́lẹwọ́ sí alága ìgbìmọ̀ ìkórè. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sá fún un. Bàbá Nathaniel tu ú. Egungun ẹja ni.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sókè, àmọ́ mo rí àwọn tó ń wo òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé hóró ìrẹsì náà jáde látinú bébà, wọ́n fi hàn wọ́n. Wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èèpo àti atẹ. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. "Mo ní mo mọ̀, mi ò mọ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, mo jẹ ìrẹsì ilẹ̀ yìí, mo pè é ní ti òkè òkun nítorí pé ó dùn. Mo bẹ Mẹ̀dínátù, mo sì bẹ ẹ̀yin náà."

Bí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Mẹ̀dínátù ló wọlé. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Màmá Àpèkẹ́ ti wọ ìró àti bùbá tó dà bí èyí tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọdún Iléyá. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá Nathaniel, Bàbá Nathaniel sì yára ní kí wọ́n dìde. Mẹ̀dínátù dúró níwájú wa.

"Ìyá mi rèé. Àwọn ló ń ṣe ìrẹsì tí ẹ ti ń jẹ láti ọdún mẹ́fà. Kò sígbà kankan tó ti Kútọ̀nù wá. Ẹ má bínú sí mi."

"Kí ló dé tí o wá ń pè é ní ohun tí kì í ṣe?" Bàbá Nathaniel bi í, ohùn tíṣà ti dé.

"Bàbá, ẹ̀yin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún àkọ́kọ́. Mo ní ti Ẹ̀gùá ni. Ẹ ní ẹ ti yó."

Bàbá Nathaniel wo àwo tó wà níwájú wọn. Ó ti mọ́ tónítóní. "Bóyá mo yó lóòótọ́ lọ́jọ́ náà," wọ́n ní, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti wálẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Mẹ̀dínátù ló máa se ìrẹsì ìkórè, pé ti Ẹ̀gùá ni, kí n sì kọ Ẹ̀gùá náà gàdàgbà. Mo kọ ọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n Màmá Àpèkẹ́ ṣì dúró, wọ́n ń wo ọmọ wọn.

"Mẹ̀dínátù. Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Láti ọdún mẹ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wọ́n sì ń sọ pé ó dùn?"

Mẹ̀dínátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ò sọ fún mi," Màmá Àpèkẹ́ ní. Wọn ò pariwo. "Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń wá gbé e. Mo rò pé o kàn ń dà á nù lójú ọ̀nà ni."

Mẹ̀dínátù kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó ń sunkún bí ọmọdé. Èmi náà ń sunkún, mo sì rí i pé ìwé ìgbìmọ̀ ti ń tutù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ọdún tí Màmá Àpèkẹ́ fi ń ṣa òkúta ní hóró-hóró kí eyín wa lè dúró, kò sẹ́ni tó kí wọn kú iṣẹ́. Àpò ni à ń kí.

Ẹ̀gbọ́n mi Lábísí dìde. Wọ́n lọ sídìí kúlà, wọ́n bu ìrẹsì sínú àwo, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn orúnkún wọn tó ń ké, wọ́n gbé e fún Màmá Àpèkẹ́. Màmá Àpèkẹ́ jókòó. Ẹ̀gbẹ́ tí eyín ṣì wà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo wa sì ń wo ẹnu wọn bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Wọ́n gbé e mì. "Iyọ̀ rẹ̀ kéré," wọ́n ní.

"Òótọ́ ni, Ìyá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì dìde lọ wá iyọ̀ fún wọn.